Ìràwọ̀ Onírùngbọ̀n

Wọ́n mú iná lọ ní Ìtòkò.
Àwọn ará ilé kejì ń ṣépè,
Tíṣà Tìyámíyù ń rẹ́rìn-ín.
"Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú un dání," ó ní, "títí di àfẹ̀mọ́júmọ́."
Ó gbé awò gígùn rẹ̀ jáde nínú àpótí
bí ẹni ń gbé ọmọ tuntun fún ìyá ọkọ,
ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé orí àpáta ẹ̀yìnkùlé
tí ooru ọ̀sán kò tíì jáde nínú rẹ̀ tán.

Òun ló kọ́kọ́ fojú sí i.
Ó yí kókó kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, ó tún yí i.
"Ó ti mọ́ kedere. Ẹ máa bọ̀, Àǹtí."
Kedere ojú ta?
Èmi wò ó, ògì tó dà sínú omi ni mo rí.
Ojú olójú kì í jọ ojú ẹni:
ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ,
n kò mọ̀ pé irin àti dígí pàápàá gbọ́ òwe.

"Ẹ bọ́ awò ojú yín," ni Tíṣà wí.
"Kì í jẹ́ kí ẹ súnmọ́ ihò. Dígí á sì ha dígí."
Láti ìwé mẹ́ta ni mo ti ń lò ó,
láti ìgbà tí wọ́n ti ń pè mí ní Ojú-mẹ́rin;
bí mo bá bọ́ ọ, ìhòòhò ni mo wà.
Mo bọ́ ọ.
Gbogbo ọ̀run wú bíi búrẹ́dì inú omi,
iná ọkọ̀ tó ń gun òkè bọ̀ láti Sàpọ́n dara pọ̀ mọ́ ọn,
n kò mọ èyí tó jẹ́ ti ayé mọ́, n kò mọ ti ọ̀run.
Mo fojú sí ihò, mo ń yí kókó.
Ohun tó wú ń fọn, ó ń kéré,
ó ku díẹ̀ kó di ẹyọ kan ṣoṣo,
ó kọ̀.
Irun hù sí i lára.
Mo yí i síwájú, irùngbọ̀n náà nà sókè;
mo yí i sẹ́yìn, ó dùbúlẹ̀.

Mo wá rántí dókítà Ìdí-Àbà,
ọmọdébìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ní gúgúrú lórí tábìlì:
"Màmá, ẹyin ojú yín kò rí roboto bíi bọ́ọ̀lù.
Ẹyin adìẹ ló fi jọ."
Kókó wo ni èèyàn fẹ́ yí
tí ẹyin adìẹ yóò fi di bọ́ọ̀lù?

"Tíṣà, mò ń wọ awò mi padà o."
Ó dákẹ́. Ó wá fi àtàńpàkò
ká ètè rọ́bà ihò náà sílẹ̀
bí a ṣe ń ká ẹnu ìbọ̀sẹ̀.
Mo fi etí ìró nu dígí,
mo rọra gbé ojú lé e, awò lórí awò,
irun ìpénpéjú mi ń gbá a bí ìgbálẹ̀.
Mo sé èémí, kí ooru má baà bò ó.

Ó sì wà níbẹ̀.
Sátọ̀n,
kékeré bí ẹ̀wà, ó ń gbọ̀n díẹ̀ nínú ọyẹ́,
òrùka rẹ̀ yí i ká, kò fọwọ́ kàn án níbì kankan.
Wọ́n ti fá a. Kò ku irun kan.

Bàbá mi ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Láfẹ́nwá,
ó ń fi àtùpà juwọ́ sí ọkọ̀ ojú irin lóru.
Òun ló sọ fún wa pé àgbà ni ìràwọ̀:
"Ẹ ò rí irùngbọ̀n wọn ni?"
Àwọn ẹ̀gbọ́n mi a máa rẹ́rìn-ín.
Èmi kì í rín in, nítorí èmi náà rí i.
Ọdún tí mo gba awò ojú, irùngbọ̀n pòórá lálẹ́ ọjọ́ kan.
N kò sọ fún un.
Ó kú láì rí ìràwọ̀ tó fárùngbọ̀n rí.

Iná dé lójijì. Gbogbo Ìtòkò hó yèè.
Tíṣà pòṣé, ó ń wá ìdérí awò rẹ̀.
Mo tún bọ́ tèmi,
mo gbójú sókè sí ìwọ̀nba tó kù,
mo kúnlẹ̀ díẹ̀ lórí àpáta,
mo kí àwọn àgbà.